Bí Mo Ṣe Ń Wo Ojú Ọjọ́ Létí Adágún Ńlá Nígbà Tí Ooru Bá Ń Parí Lọ

Kí n tó gbé ọkọ̀ sórí Adágún Michigan, ọ̀kan lára àwọn Adágún Ńlá ní Àríwá Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ, ọ̀run apá ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ tútù á ti máa fẹ́ látorí adágún wọ̀lú. Ojú ọ̀run orí omi á mọ́ kedere, àmọ́ ìkùukùu á tò lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù yìí ti pàdé afẹ́fẹ́ gbígbóná ti orí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ọ̀sán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìkùukùu náà bá ń ga sókè, tí ìdí rẹ̀ sì ń dúdú, má bá a jiyàn.

Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ló gba ojú lára jù. Omi ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí afẹ́fẹ́ tútù bá ya wọlé láti Kánádà, ìjì lè sọ̀ kalẹ̀ látinú ìkùukùu bí okùn tó ń yí, kó sì fẹsẹ̀ kan omi. Ó wuni í wò, ṣùgbọ́n èbúté ni kó o ti wò ó.

Àsọtẹ́lẹ̀ National Weather Service (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́) fún etí omi ni kó o kà, torí òun ló ń sọ bí ìgbì ṣe máa ga tó. Wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ pẹ̀lú. Lórí Adágún Erie tí omi rẹ̀ kò jìn, afẹ́fẹ́ líle láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn lè ti omi jọ sí ìlú Buffalo ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn, kí ti ìlú Toledo ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn sì fà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sórí omi ló burú jù fún ọkọ̀ kékeré: etí omi á pa rọ́rọ́, ìgbì ń bẹ níwájú.

Tó o bá gbọ́ àrá, wọlé. Ó di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kó o tó jáde.