Ẹ Má Tìtorí Táìsì Sanwó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ilé Kékeré, Kọntéńà àti Ọkọ̀ Onílé

Ilé kékeré ti kún Ifẹ̀ báyìí o, láti Asherifa dé Parakin títí dé ọ̀nà Èdè, gbogbo ẹni tó bá ti ní ilẹ̀ díẹ̀ ló ń kọ́ self-con torí àwọn ọmọ Yunifásítì, àwọn míì ti ń fi kọntéńà ṣe ilé, àwọn tó sì ní èèyàn lókè òkun ti ń béèrè nípa ọkọ̀ tí wọ́n kọ́lé sínú ẹ̀, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibi tó ń dán ni ojú àwọn tó fẹ́ sanwó máa ń lọ, táìsì, POP, iná aláràbarà, wọn ò ní wo ibi tí omi, ooru àti ẹrù máa gbà bá ilé yẹn jà. Bí yàrá kan bá ń jò nínú ilé ńlá, wọ́n á kó lọ sí yàrá kejì. Nínú self-con, yàrá kejì wo lẹ fẹ́ kó lọ?

Èyí tó burú jù ni kéèyàn lọ wo ilé nígbà ọyẹ́ kó sì sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. December, January, ibi gbogbo ti gbẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri, òrùlé tó ń jò ò ní jò fún yín lọ́jọ́ yẹn. Òjò tiwa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi March, ó di October kó tó fi wá sílẹ̀, ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ni omi fi ń wá ihò tó máa gbà wọlé. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, ẹ dúró nínú yàrá náà kẹ́ ẹ gbójú sókè, inú lè bí ajẹ́ńtì, ẹ jẹ́ kó bí i. Tó bá wá jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ náà lẹ máa lọ, ẹ ṣí wọ́dúróòbù kẹ́ ẹ gbóòórùn inú ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ bá tuntun ju tòkè lọ ẹ béèrè ìdí ẹ̀. Tí ìyẹ̀fun funfun bá ń yọ lára ògiri, tí símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ bá ń dún bí òfìfo tẹ́ ẹ bá kàn án, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀rinrin ilẹ̀ ló ń gun ògiri yẹn bọ̀, pé wọn ò tẹ́ nylon DPC, èyí tó ń dí ọ̀rinrin ilẹ̀, kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù sókè. Ọ̀dà kankan ò lè wo ìyẹn sàn, bí wọ́n kùn ún lónìí á tún ṣí.

Àṣà tó tún wá wọ́pọ̀ báyìí ni párápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n mọ ògiri yí òrùlé ká kẹ́ni tó wà nílẹ̀ má rí páànù mọ́, ilé á wá rí pẹrẹsẹ bíi ti Lẹkki. Ó dáa lójú, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ibi tí omi máa gbà, gọ́tà tó wà nínú ògiri yẹn lókè, tí ewé bá ti dí i, omi á dúró síbẹ̀, á wá ọ̀nà gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀ sórí POP yín, ta ló sì fẹ́ gun orí òrùlé lọ kó ewé lóṣooṣù? Kí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí òrùlé àti ògiri ṣe nílẹ̀ wa lọ wo ilé Humanities ní OAU. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tó ya ọgbà yẹn láyé ìgbà tó ṣì ń jẹ́ University of Ifẹ̀, jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju tìsàlẹ̀ lọ, kí tòkè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀, oòrùn ò ní lè kọjú sí fèrèsé tààrà, òjò ò sì ní máa fọ́n wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá. Kò sí bí self-con ṣe lè kéré tó tí kò ní lè ní òrùlé tó yọ síta kọjá ògiri. Wọ́n ń gé e kúrò torí owó páànù ni, kì í ṣe torí ẹwà.

Tó bá kan kọntéńà, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kéèyàn fi ìwọ̀n ìta rà á. Kọntéńà 20ft tí wọ́n ní ìbú ẹ̀ jẹ́ 8ft, inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà 2.35 lọ, tẹ́ ẹ bá wá fi fóòmù àti pákó bo ògiri méjèèjì kí ooru má bàa pa yín, ká ní sẹ̀ńtímítà 7 lọ́tùn-ún, 7 lósì, ó ku 2.21. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì 6 by 6 ft síbẹ̀, ibi tẹ́ ẹ máa gbà kọjá ò ju sẹ̀ńtímítà 38 lọ. Ẹ mú tépù dání lọ, inú nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́ni kankan sọ fún yín pé AC á yanjú ooru, kọntéńà tí wọn ò bò nínú, tí wọn ò sì kan òrùlé míì lé lórí kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín méjèèjì, tó bá di ọ̀sán February inú ẹ̀ á gbóná bí ààrò búrẹ́dì, ináa NEPA wo lẹ sì fẹ́ fi tan AC látàárọ̀ dalẹ́?

Wẹ́dà tún wà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ẹrù kọntéńà, ṣùgbọ́n ògiri irin yẹn náà ló ń dì í mú kó má yẹ̀. Tí wẹ́dà bá kàn gé ihò fèrèsé ńlá láìfi irin gidi ṣe férémù yí i ká, ó ti sọ ọ́ di aláìlágbára nìyẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n jó pọ̀ dáadáa, ṣé ó ti ń dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà. Pákó ilẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kọntéńà ni wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí pákó ẹ̀ torí ìrìnàjò ojú òkun, kò yẹ kí ọmọ máa rá lórí ẹ̀, kí wọ́n tú u kúrò tàbí kí wọ́n dí i pa pátápátá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi RV ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Sitíkà RVIA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe RV ní Amẹ́ríkà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ń sọ pé ẹni tó kọ́ ọ tẹ̀ lé ìlànà iná mànàmáná, gáàsì, omi àti ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná, kò sọ pé wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ dáadáa tàbí pé wọ́n lẹ òrùlé ẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, páálí fíbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pákó tín-ínrín àti fóòmù ni ògiri wọn, tí oòrùn bá ti sán gọ́ọ̀mù etí òrùlé, omi á wọlé láìjẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀, ògiri á sì wú. Kí ẹni tó ń bá yín wò ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ abẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀ bálùwẹ̀, tó bá ń rọ̀ kó máa bọ̀ nílé. Kó wo táyà náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí wọ́n kọ DOT síwájú ẹ̀ lára táyà, 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018, eyín táyà lè nípọn kí rọ́bà ẹ̀ ti gbó. Kó wo ìwọ̀n tí wọ́n ní ọkọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ kọjá, torí lítà omi kan kílò kan ni, táńkì 200 lítà jẹ́ 200 kílò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Iná tiwọn 120 volts ni, tiwa 230, ẹ má torí pé ẹnu wáyà wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tì í bọ̀ ọ́.

Búlọ́ọ̀kù ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ń mọ nínú báàgì símẹ́ǹtì kan, tí búlọ́ọ̀kù onínáìn íǹṣì bá ti lé ní 40, iyanrìn ni wọ́n fi kọ́lé fún yín, kọ́kọ́rọ́ lásán á ha á.

Sọ́káwéè ni àwọn èèyàn kì í béèrè rárá, bẹ́ẹ̀ yàrá mẹ́wàá lè máa da ìgbẹ́ sínú ẹyọ kan, kí kànga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ní ká tẹ̀ lé ni mítà 30 láàárín kànga àti sọ́káwéè, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gígùn pulọ́ọ̀tì 50 by 100 ft látorí dé ìdí. Ẹ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n kó sọ́káwéè gbẹ̀yìn, àti pé ṣé omi kànga yẹn lòun náà ń mu.