Ẹ má pàtẹ ìwé lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kà á fún àwọn ọmọ

Okun o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé aláwòrán àkọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá lọ kàwé nílé ìwé, ẹ má tajà lọ́jọ́ náà. Ìwé pélébé ni kí ẹ fi rán àwọn ọmọ sílé: àwòrán kan látinú ìwé yín, iye owó rẹ̀, àti àyè tí òbí máa kọ orúkọ ọmọ sí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ padà wá gba owó, kí ẹ sì kó ìwé fún wọn. Owó oúnjẹ nìkan lọmọ ń mú lọ sílé ìwé. Òbí ló ń ra ìwé, òun gan-an ni kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kà á. Nítorí náà, ẹ má ka ìtàn náà tán o! Ẹ dúró síbi tó ti gbóná, bóyá níbi tí ewúrẹ́ ti já okùn tó forí lé ọjà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn. Ariwo yẹn ni wọ́n máa gbé délé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 May, ló dáa jù. Àmọ́ àwọn ọ̀gá ilé ìwé kan kì í fọwọ́ sí títa nǹkan rárá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè; bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ka ìtàn náà tán fún àwọn ọmọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní kíláàsì.