Àṣìṣe tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe lójú ọ̀nà funfun Chianti

Ẹ má fi kìlómítà nìkan wọn ọ̀nà Chianti, agbègbè olókè nílẹ̀ Ítálì tí ọ̀nà òkúta funfun wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. Àṣìṣe yìí ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa ń gun 100 kìlómítà lórí títì ọlọ́dà ní ọjọ́ Sátidé á jókòó ti máàpù, á rí i pé Gaiole sí Radda kò ju nǹkan bíi 10 kìlómítà lọ, á sì kọ ìlú márùn-ún sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Gaiole wà ní nǹkan bíi 360 mítà, Radda sì jókòó sórí òkè ní nǹkan bíi 530. Tí ẹ bá kúrò ní Radda, ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó máa pọ́n òkè ìlú tó kàn. Bí gbogbo apá ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, láti Siena lọ sókè sí ọ̀nà Florence: ìlú lórí òkè, odò nísàlẹ̀, ọgbà àjàrà àti igi ólífì láàárín. Ilẹ̀ títẹ́jú ṣọ̀wọ́n.

Ní 1997, Giancarlo Brocci dá ìrìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní L'Eroica sílẹ̀ ní Gaiole, kí wọ́n má baà da ọ̀dà bo àwọn ọ̀nà funfun yìí tán. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1987, ni wọ́n ń gùn níbẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ 209 kìlómítà, òkè tí èèyàn sì máa pọ́n lápapọ̀ nínú rẹ̀ ju 3,500 mítà lọ. Àwọn tó ń gbà á máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ sì ń ṣú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà. Fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, 50 tàbí 60 kìlómítà ti tó odidi ọjọ́ kan. Iye mítà òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ táyà gba ká fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìyà tí kò yẹ kó jẹ ẹnikẹ́ni. Òkúta funfun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sórí àwọn ọ̀nà náà. Ipa ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà máa ń le, ó sì ń jọ̀lọ̀. Àárín ọ̀nà àti etí rẹ̀ ni òkúta máa ń kó jọ sí, tí táyà á máa rì, tí á máa yọ̀. Níbi tí òkè bá ti ga, ọkọ̀ á ti gbẹ́ ojú ọ̀nà ní kòtò wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí á máa gbọn apá àti eyín èèyàn jìgìjìgì. Ẹni tó bá fa atẹ́gùn sí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ títí tó fi le gan-an, bó ṣe ń ṣe lórí títì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa ta sókè lórí gbogbo òkúta dípò kó máa gbà wọ́n mọ́ra.

Táyà tó fẹ̀ tó 40 mílímítà ni kí ẹ wá. Tí kò bá ní tíúbù nínú, tí ẹni tó ń gùn ún sì wọn nǹkan bíi 75 kílò, atẹ́gùn 30 sí 35 lórí ìwọ̀n psi ti páǹpù ti tó o. Ẹni tó bá ń lo tíúbù kò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí pé táyà á tẹ̀ mọ́ òkúta, etí wíìlì á sì lu tíúbù ní ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú tíúbù méjì dání pẹ̀lú páǹpù, kódà tí táyà yín kì í bá lo tíúbù. Kò sí ẹni tó ń lẹ táyà ní ìdajì ọ̀nà.

Gúúsù Siena yàtọ̀ sí Chianti fúnra rẹ̀. Crete Senesi ni wọ́n ń pe ibẹ̀, amọ̀ ló sì pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, eruku lásán ni. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ fún wákàtí kan, ẹ ó rí nǹkan: amọ̀ á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ táyà, òkúta wẹ́wẹ́ á lẹ̀ mọ́ amọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá kún àlàfo tó wà láàárín táyà àti irin kẹ̀kẹ́ títí wíìlì á fi kọ̀ tí kò ní yí mọ́. Àṣìṣe ńlá ni kéèyàn wá máa fi agbára tẹ pẹ́dàlì níbẹ̀. Ṣéènì lè já, irin kékeré ẹ̀yìn tó ń gbé ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn sì lè kán, ìrìn ti parí nìyẹn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi igi há amọ̀ náà kúrò, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ gba orí koríko létí ọ̀nà. Kí ẹ tó wọ ọ̀nà funfun Monte Sante Marie nítòsí ìlú Asciano, 11.5 kìlómítà tí kò ní abúlé kankan nínú, ẹ gbójú sókè wo òfuurufú. Tí òjò bá ṣú, ẹ gba títì.

Ti jíà kò gùn. Òkè tó ń fi mítà 15 ga sí i nínú ọgọ́rùn-ún mítà wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dìde dúró lórí pẹ́dàlì, torí táyà ẹ̀yìn á máa yí lásán nínú òkúta. Ìjókòó lẹ ó fi gùn ún. Jíà iwájú tó ní eyín 30, pẹ̀lú ti ẹ̀yìn tó ní eyín 34 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò gbà yín.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe jù. Ẹni tó bá di bíréèkì iwájú mú ṣinṣin nínú kọ́nà olókùúta, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ojú ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ tú bíréèkì sílẹ̀ kí ẹ tó yà, kí ojú yín sì wà ní ibi tí ẹ ń lọ, kì í ṣe lára òkúta tó wà níwájú táyà. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀nà iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ ni o. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ òdìkejì, ní September àti October sì ni wọ́n ń ká àjàrà, tí katakata tó fa tírélà èso á gba gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀yin ni kí ẹ yà fún un.

Àwọn kan á sọ pé àwọn rí bí wọ́n ṣe ń sá a nínú ìdíje Strade Bianche. Òótọ́ ni, láti 2007 ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àgbáyé ti ń sá a níbẹ̀, ní 2024 sì ni Tadej Pogačar dá nìkan sáré fún nǹkan bíi 81 kìlómítà tó fi gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Pogačar yìí kan náà ṣubú ní kọ́nà nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní 2025, tí ara rẹ̀ bó yánnayànna, kó tó dìde lọ borí. Ẹ má fi eré tirẹ̀ wé tiyín.

Ẹ jẹ́ ká dé abúlé wàyí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ń gbà á kọjá bí ẹni pé kò sí èèyàn níbẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ní ìkíni nílé, kí ló dé tí ẹ ó fi wọ ojúde ìlú onílùú láìsọ "buongiorno" fún àwọn àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé kọfí? Àwọn ni wọ́n máa sọ fún yín pé afárá ìsàlẹ̀ ti wó tàbí pé orísun omi tó wà níwájú ti gbẹ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tì láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá fi oúnjẹ àti omi dúró de ìlú tó kàn lè bá ilẹ̀kùn títì pàdé. Ẹ rọ omi kún ìgò ní gbogbo orísun tí ẹ bá rí, àyàfi tí wọ́n bá kọ "non potabile" sí i lára: omi yẹn kì í ṣe mímu. Nínú oṣù July àti August, kò sí ìbòòji lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà funfun.

Ní òkè Brolio ni Bettino Ricasoli, tó ti ṣe olórí ìjọba Ítálì rí, ti kọ ìlànà ọtí Chianti sílẹ̀ ní 1872. Ọ̀nà funfun tí igi sípírésì tò sí ni ẹ ó gbà gòkè lọ síbẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ tọ́ wáìnì wò. Ẹ fi di alẹ́. Òfin ọtí mímu lórí ọ̀nà ní Ítálì mú oníkẹ̀kẹ́ náà: gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òpin rẹ̀. Lẹ́yìn ife méjì nínú oòrùn ọ̀sán, ọwọ́ kì í yára kan bíréèkì mọ́. Ẹ má sì já èso àjàrà jẹ létí ọ̀nà, ohun ọ̀gbìn ẹlòmíràn ni. Tí máàpù fóònù bá darí yín sí géètì tí wọ́n kọ "proprietà privata" sí, ẹ yí padà. Ọgbà onílé nìyẹn, fóònù kò mọ̀ ọ́n.

Níbi tí wọ́n ti ń da àgùntàn, ajá funfun ńlá ló ń ṣọ́ agbo. Ẹ má sá, ẹ má sì fi eré kọjá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sáàárín ẹ̀yin àti ajá, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà sí agbo rẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú mọ́ yín lẹ́yìn ìlú, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn kò tó. Òfin ibẹ̀ sọ pé láti ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìgboro gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń tàn tí iná bá kàn án. Ó fúyẹ́, ó sì ń ká wọ àpò: ẹ má fi í sílẹ̀ nílé.