Oúnjẹ Alẹ́ Tó Ń Tètè Jinná, Tó sì Ládùn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹni tó ti oko dé lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, tàbí tó ti ọjà dé tòun ti ẹrù lórí, kò ní agbára mọ́ láti dúró ti iná fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á se ìrẹsì funfun, wọ́n á bu ata tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ lé e lórí, wọ́n á sì máa fi hóró magí mẹ́ta mẹ́rin wá adùn tí kò sí nínú ìkòkò. Àwọn ilé wọ̀nyí ni a kọ ìwé yìí fún. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ọjọ́ ọjà ni a ti ń pèsè adùn oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Bí ata díndín bá wà nílẹ̀, tí irú tó mọ́ àti ẹja gbígbẹ sì wà nítòsí, ìkòkò ọbẹ̀ gidi kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí iná, yálà gáàsì ni ẹ ń lò tàbí èédú.

Ata díndín

Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, ìwọ̀n tí mo máa ń dá lábàá fún ọjọ́ mẹ́ta ni tòmátì 12, tàtàṣé 6, ata rodo 5 àti àlùbọ́sà ńlá 3. Ẹni tí ọmọ kékeré wà nílé rẹ̀ lè dín ata rodo kù. Tòmátì máa ń wọ́n nígbà òjò, nítorí pé Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń rà ti ń wá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Tó bá ti wọ́n, ẹ fi tàtàṣé kún un kí ẹ sì dín tòmátì kù. Ọbẹ̀ náà kò ní kan, àwọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ wọ́n, tí ẹ sì ti lọ̀ wọ́n, ẹ gbé ata náà kaná láìfi epo sí i. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ata tí a da òróró sí nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀ kò lè dín, ṣe ni yóò máa bọ̀. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí omi náà tó gbẹ, ẹnu ṣì máa mọ̀ ọ́n ní ata tútù, ó sì máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí iná náà mọ níwọ̀n, kí ẹ sì máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má baà jóná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa hó bí omi. Nígbà tó bá yá, á ki, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè débi pé ẹni tó dúró tì í á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi ọmọrogùn tàbí ṣíbí onígi gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: bí ìdí ìkòkò bá hàn, tí ata náà kò sì tètè ṣàn padà bò ó, ó ti gbẹ tó. Nígbà náà ni kí ẹ gbé òróró kaná nínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ dín àlùbọ́sà rírẹ́ nínú rẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba ilé, kí ẹ wá da ata náà sí i. Ó máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú lórí iná tí kò le. Bí òróró bá ti léfòó, tí òórùn ata tútù sì ti kúrò, ó ti jinná. Iyọ̀ díẹ̀ báyìí ni kí ẹ fi sí i, nítorí pé ọbẹ̀ alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ iye iyọ̀ tí ó ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ dà á sínú ike tàbí ìgò tó mọ́ tí kò sì ní omi nínú, kí ẹ dé e. Nínú fíríìjì, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ; ẹni tó ní fírísà lè dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, kí ọ̀rá kan tó fún alẹ́ kan, nítorí pé kò dára kí a máa yọ́ gbogbo rẹ̀ kí a sì tún máa dá a padà. Ilé tí iná mànàmáná kò ti dúró déédéé ní láti ṣọ́ra gidigidi. Ẹ má ṣe dín ju èyí tí ẹ ó jẹ tán ní ọjọ́ kejì lọ, kí ẹ sì gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó dé àárín. Ọ̀nà tó tún dára fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n la tàtàṣé àti ata, kí wọ́n sá a sóòrùn lórí ẹní tó mọ́ títí yóò fi máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí a rẹ sínú omi gbígbóná kí a tó lọ̀ ọ́ kì í ní omi púpọ̀ láti gbẹ.

Irú

Irú ni mo kà sí olórí adùn nínú ilé ìdáná wa, ó sì ń dùn mí láti rí bí àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe ń sá fún un nítorí òórùn rẹ̀. A máa ń se èso igi irú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó tún un sè, a ó wá bò ó mọ́ inú ooru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Láàrin àkókò yẹn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń fọ́ èròjà purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ sì ni adùn tó jọ ti ẹran ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tó ní irú, edé àti ẹja gbígbẹ fi lè dùn láìsí ẹran rárá. Magí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ò sì ju bí ṣíbí tíì kan lọ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú magí àti nínú búrẹ́dì.

Iyanrìn ló sábà ń ba irú wooro jẹ́. Ẹ dà á sínú abọ́ omi, ẹ fọwọ́ rú u, ẹ jẹ́ kí iyanrìn rẹlẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kó irú láti òkè bọ́ sínú abọ́ mìíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi yóò fi mọ́. Ẹ lè wá pín in sí ìwọ̀n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ kó o sínú fírísà, tàbí kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pa á kí ẹ sì sá a gbẹ. Irú pẹ̀tẹ̀ kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń ṣe é ní ìmọ́tótó ni kí ẹ ti máa rà á.

Ọbẹ̀ ilá fún alẹ́ tí ó rẹ̀ yín jù

Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ kọ́ nínú ìwé yìí, ilá alásèpọ̀ ni kí ẹ mú. Ilá tí kò tíì gbó ni kí ẹ rà. Ẹ tẹ ṣónṣó rẹ̀ wò, bó bá ṣẹ́ kíá, ó dára, bó bá ń tẹ̀ bí okùn, ó ti gbó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ ẹja gbígbẹ, kí ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ sì rẹ́ ilá náà kí ẹ tó tan iná rárá. Ẹ gbé bí ife omi méjì kaná, ẹ da ẹja, edé, irú àti ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ata díndín sí i, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí adùn wọn lè wọnú ara wọn. Ẹ bu epo pupa díẹ̀ sí i, kí ẹ wá da ilá sí i kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún ilá, ẹ má sì dé ìkòkò náà, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Kaun a máa jẹ́ kí ó yọ̀, ṣùgbọ́n ilá tuntun kò fẹ́ kaun. Bí omi ẹ̀bà bá ti ń hó lójú iná kejì, gbogbo rẹ̀ yóò délẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀fọ́ rírò fẹ́rẹ̀ẹ́ yá bẹ́ẹ̀. Àlùbọ́sà àti irú ni kí ẹ kọ́kọ́ dín nínú epo pupa tí ó gbóná níwọ̀n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí epo náà gbóná títí yóò fi di funfun, nítorí pé ohun tó fún un ní àwọ̀ pupa ni ara wa ń sọ di fítámì A, ooru tó pọ̀ jù sì ń pa á. Ata díndín ni kí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ yòkòtò tí ẹ ti bọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ sì ti fún omi rẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ̀kọ tí ẹ rà bọ̀ láti ọ̀nà ọjà bá a mu jù, nítorí pé kò gba iná kankan.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ láàárọ̀ kí ẹ tó lọ sóko, kí ẹ sì da omi náà nù nígbà tí ẹ bá dé. Á tètè jinná. Ata díndín àti epo díẹ̀ ti tó o.

Ẹ̀yìn ilé

Ilé tó ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní méjì lè gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ẹfinrin. Tẹ̀tẹ̀ ṣeé fà láàrin bí oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n ọn, nítorí náà, ẹ máa fọ́n èyí tó kéré ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kí ó má baà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ẹfinrin mélòó kan tí a já sínú ọbẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ máa ń yí òórùn rẹ̀ padà pátápátá. Bí ẹ bá fín oògùn kòkòrò sí ewébẹ̀, ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ mọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó já a, ẹ má sì ṣe já a ṣáájú ọjọ́ náà, kódà bí kò bá sí ewébẹ̀ mìíràn nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.