Ṣọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú fún Ìjàpá: ibi tí a ti ń ṣì í ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tọ́jú Ìjàpá, Volkswagen àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ èmi náà, ara àwọn tí wọ́n tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1975. Kò sí páàtì tí mo ti náwó lé lórí lásán tó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fì. Ẹ má rò pé torí pé mo ra olówó pọ́ọ́kú ni o. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ń sin ọkọ̀ tí kò wúwo tó 900 kìlógíráàmù dáadáa. Bí a ṣe ń rà á, àti bí a ṣe ń dè é, níbẹ̀ ni wàhálà wà.

Èyí tó burú jù ni kí ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, kí a sì sáré lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀. Lára Ìjàpá, irin tó ń lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ ló ń gbé e. Lẹ́yìn, irin róbótó kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nínú páìpù. Níwájú, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n tò lé ara wọn nínú páìpù méjì tó dábùú. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, irin yẹn á lọ́, á tún fẹ́ tú padà, ọkọ̀ á sì máa fì bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà. Fífì yẹn ni ṣọ́ọ̀kì ń pa: ọ́ìlì inú rẹ̀ ń fún ara rẹ̀ gba ihò tóóró kọjá, agbára tó ń mi ọkọ̀ á sì di ooru. Mo mọ ẹnì kan tó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sún sẹ́yìn láti wo ọkọ̀ rẹ̀, tó bá ìdí rẹ̀ níbi tó wà láná. Ó padà lọ bá ẹni tó tà á fún un jà. Irin inú páìpù ni kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ ò kan ṣọ́ọ̀kì rárá.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé igun ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì yọwọ́. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó fara balẹ̀, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ṣì wà láàyè. Bó bá ń jó lọ, tàbí tí ọ́ìlì ti po eruku mọ́ ara rẹ̀, ó ti tán.

Lọ́jà, ẹ máa gbọ́ pé tòkúnbọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Belgium, lágbára ju tuntun lọ. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí gíá, mi ò ní bá wọn jiyàn. Ti ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀. Rọ́bà tó ń dí ẹnu rẹ̀ kí ọ́ìlì má jò ń gbó, ó sì ń le, bí ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ bí awò. Ẹ óò nù ún, á dán. Oṣù kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìjàpá tí wọ́n ṣe kárí ayé lé ní mílíọ̀nù 21, ọdún 2003 ni Mẹ́síkò ṣe ìgbẹ̀yìn wọn, nítorí náà wọ́n ṣì ń ṣe ṣọ́ọ̀kì tuntun fún un tí owó rẹ̀ ò ga. Kí ni a wá ń wá nínú ògbólógbòó?

Ẹ má kàn wí pé "ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì Ìjàpá." Èwo nínú wọn? Títí di ọkọ̀ ọdún 1965, ṣọ́ọ̀kì iwájú ní ojú róbótó lókè àti nísàlẹ̀. Láti ti 1966, ọ̀pá tó ń wọ inú ihò, tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè, ló wà lórí rẹ̀. Ti ẹ̀yìn yàtọ̀ sí i. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tó wà lórí ìwé ọkọ̀: ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti gba iwájú ẹlòmíì lẹ́yìn jàǹbá. Ẹ tú ti àtijọ́, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wọn wéra. Bó bá jẹ́ 1302 tàbí 1303, irú Ìjàpá tí kò ní irin inú páìpù níwájú, ni tiyín, síríǹgì ńlá ló ká mọ́ ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi agbára tẹ síríǹgì náà pọ̀. Ẹ má tú u láìsí irin tí wọ́n fi ń di síríǹgì mú. Ó lè pààyàn.

Ṣọ́ọ̀kì tó ní gáàsì nínú náà ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ó le. Lára ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, gbogbo kòtò ni ẹ máa fi ìdí mọ̀. Olọ́ìlì lèmi ń rà.

Ká tó dè é, ẹ dá a dúró bó ṣe máa wà lára ọkọ̀, ẹ fà á jáde pátápátá, ẹ tì í wọlé, tó bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Olọ́ìlì tó ti sùn pẹ́ nínú ìsọ̀ máa ń ní atẹ́gùn níbi tí kò yẹ; ẹni tí kò bá tì í báyìí á dè é tán, á wá máa pariwo pé òkú ni wọ́n tà fún òun. Bí mẹ́káníìkì bá fẹ́ fi ẹ̀mú di ọ̀pá tó ń dán yẹn mú nítorí pé nọ́ọ̀tì ń yí pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá ha, á máa gé rọ́bà ẹnu rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá wọlé. Orí ọ̀pá sábà máa ń ní ibi pẹlẹbẹ tí súpánà ń gbà. Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ẹ fi ọ́ìlì rin ín di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn, pàápàá bó bá jẹ́ ti gáàsì.

Ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Bí apá kan bá le, tí ìkejì rọ̀, ọkọ̀ á máa ya ní bọ́ǹpù. Méjì méjì ni.

Ẹ gbé ọkọ̀ lé òpó irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ tú ti ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé abẹ́ àgbá ẹsẹ̀ táyà ró, torí ṣọ́ọ̀kì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà já sílẹ̀. Àṣìṣe kan tún wà tí mo ṣe fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀: mo máa ń dè bóòtì gidi nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ lófuurufú. Bí ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà inú ojú ṣọ́ọ̀kì á lọ́, á sì ya kí ọdún tó yí. Ẹ kàn fi ọwọ́ dè é, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mì í, kí ẹ tó fi súpánà fà á. Nígbà tí rọ́bà bá ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ṣà, ẹ ti fà á jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fọwọ́ kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ níwájú, ẹ wo inú páálí tí ṣọ́ọ̀kì wà: ó ṣeé ṣe kí rọ́bà kékeré orí ọ̀pá ṣì wà níbẹ̀.