Iná Jó Ọmọ: Ìbéèrè Àwọn Òbí àti Ìdáhùn Rẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí jù lórí egbò iná ni mo kó jọ síbí. Ẹ kà á nígbà tí ara tù yín, torí lọ́jọ́ tí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, kò sẹ́ni tó ń ráyè kàwé.

Omi gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí ọmọ mi lápá. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Omi tútù ni. Ẹ gbé apá náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ọ̀pọ̀ òbí kì í dúró tó bẹ́ẹ̀, torí ẹkún ọmọ ń dùn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ooru tó ti wọlé sára kì í tètè jáde: bí òkè awọ bá ti tutù, ó ṣì ń jó ẹran ara lábẹ́. Awọ ọmọdé sì fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ife bu omi dà á lé e, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró.

Bí omi ti ń ṣàn, ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, kí ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á o. Ẹ gé èyí tó kù yí i ká. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo ìyókù ara ọmọ, torí òtútù tètè ń mú ọmọ kékeré. Yìnyín kò dáa rárá, ṣe ló ń dá kún egbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í rú fọ́nrán bò ó láìfún un.

Ó ti tó wákàtí kan kí wọ́n tó pè mí. Ṣé omi ṣì wúlò?

Ó wúlò. Títí wákàtí 3 lẹ́yìn tí iná jó o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín àti òróró pa á, mo sì ti pa á. Ńkọ́?

Ẹ fi omi ṣàn án kúrò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń sé ooru mọ́ ara, wọ́n sì ń kó kòkòrò bá egbò. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ nù ún kúrò kí ó tó lè rí bí egbò ṣe jìn tó, ọmọ á sì tún jẹ ìrora lẹ́ẹ̀kejì. Ìfẹ́ ni ẹni tó ní kí ẹ fi í pa á fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó kọjá ìtọ́jú ilé?

Ẹ fi ọwọ́ ọmọ náà wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ tiyín. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìka tó pa pọ̀ tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 gbogbo awọ ara rẹ̀. Bí egbò bá ti ju ìyẹn lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ó bá tó ìlọ́po 10, ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu: omi ara rẹ̀ ń jò lọ, yóò sì nílò omi tí wọ́n ń fà sí iṣan.

Bó ti wù kí ó kéré tó, bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, abẹ́ tàbí oríkèé, bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná tàbí kẹ́míkà, bí ọmọ bá fa èéfín símú, tàbí tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ lọ. Kí ẹ sì béèrè bóyá abẹ́rẹ́ tetanus rẹ̀ pé.

Èyí tó ń tan àwọn òbí jẹ ni egbò tó funfun, tó le bí awọ bàtà, tí ọmọ kò sunkún tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní ó fúyẹ́. Kò fúyẹ́ o! Ohun tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora ló ti jóná. Òun ló jìn jù.

Ìléròrò ti yọ. Ṣé kí n bẹ́ ẹ?

Rárá. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pinnu ìyẹn.

Ọmọ máa ń ké gan-an tí a bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì, torí ó ti lẹ̀ mọ́ egbò.

Ẹ fún un ní paracetamol ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú: mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ omi mímọ́ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ sórí báńdéèjì, kí ẹ sì ní sùúrù títí etí rẹ̀ yóò fi máa ká sókè fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí etí ibẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ń lẹ̀, ó ní irú èyí tí kì í lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n dì í, kí ìka má baà lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ọjọ́ kẹta rèé, ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì, ṣùgbọ́n egbò kéré, ó sì mọ́.

Ẹ má wo mímọ́ egbò. Ibà, ara sísú, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí ọmọ rọ̀ jọwọlọ: èyíkéyìí nínú wọn lẹ́yìn iná jíjó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lọ́la. Májèlé kòkòrò lè ti inú egbò kékeré wọ ẹ̀jẹ̀. Bí egbò bá ń ṣọyún, tó ń rùn, tàbí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ lọ. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan awọ tó yí i ká, kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Ó ti jiná, ṣùgbọ́n ó ń yún un, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ẹ gé èékánná rẹ̀, kí ẹ máa fi ìpara tí kò ní lọ́fínńdà ra á lójoojúmọ́, kí ẹ sì bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Àwọ̀ máa ń padà díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀. Bí egbò bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ tí kò jiná, ẹ má dúró ti ọ̀sẹ̀ kẹta kí dókítà tó rí i, torí àpá rẹ̀ lè ga, kó sì ká ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò. Bí ó bá jẹ́ oríkèé, ẹ máa bá a ṣeré tí yóò jẹ́ kó na apá náà tán, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, títí àpá náà yóò fi rọ̀.