Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ẹran Omi Oníkarahun: Ṣé Wọ́n Bá Oúnjẹ Àtayébáyé Mu?

Ẹni tó bá pinnu láti padà sí oúnjẹ àtayébáyé kì í pẹ́ kó tó bi ara rẹ̀ pé: ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Edé, akàn àti àwọn oníkarahun yòókù ńkọ́? Léfítíkù orí 11 ka ẹlẹ́dẹ̀ sí aláìmọ́ torí pé kì í jẹ àpọ̀jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákò rẹ̀ là. Ó tún ka ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́ sí ìríra. Al-Kùránì náà ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Bí ẹ̀sìn yín bá ti sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. A ò bá yín jiyàn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun táwọn èèyàn ti ń jẹ látijọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n, méjèèjì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nínú ihò àpáta kan ní Pinnacle Point, ní etíkun Gúúsù Áfíríkà, wọ́n rí karahun ohun tí èèyàn jẹ ní nǹkan bí 164,000 ọdún sẹ́yìn. Tẹ̀mi ni pé ohun tí ẹran náà jẹ ló yẹ kí a máa bèèrè.

Ikùn ẹlẹ́dẹ̀ kò dà bíi ti màlúù. Irú òróró tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ náà ló máa hàn nínú ọ̀rá rẹ̀. Èyí tó ń jẹ oúnjẹ olóròóró bíi sóyà lájẹjù, ọ̀rá rẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ní dì dáadáa. Èyí tó ń rìn nínú oòrùn, tó ń fi imú tú ilẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ máa ń ní fítámì D. Fítámì B1 sì wà nínú ẹran rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹran lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ dé ibi tí èèyàn ń yàgbẹ́ sí. Ibẹ̀ ló ti ń gbé ẹyin aràn pẹlẹbẹ mì, tí ọmọ aràn á wá kóra jọ sínú ẹran ara rẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bí kókó kéékèèké bá wà níbẹ̀, ẹ má rà á. Bí kò bá sì sí, ìyẹn nìkan kò tó láti fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ láìjinná lè ní aràn nínú ìfun. Ẹyin tó bá jáde nínú ìgbẹ́ onítọ̀hún, tí ẹlòmíì gbé mì, lè dé ọpọlọ kó sì fa wárápá. Nítorí náà, ọwọ́ fífọ̀ ṣe pàtàkì bí iná ìdáná ti ṣe.

Àjẹkù ẹran tútù kò yẹ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó lè kó aràn trichinella tàbí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ inú ọgbà. Ibà yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ ó lè pa gbogbo agbo.

Ní ti sísè, kí inú ẹran odidi gbóná dé 63°C, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó gé e. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C. Èéfín, iyọ̀ tàbí gbígbẹ nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa trichinella.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú omi. Edé àti akàn máa ń wá oúnjẹ kiri. Ọ́ísítà àti irú rẹ̀, tí karahun méjì pa dé mọ́ ara wọn, ń sẹ́ omi ni. Ọ̀kan lè sẹ́ tó 190 lítà lóòjọ́. Ó ní síńkì àti fítámì B12 gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin omi náà ń kóra jọ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kó o níbi tí omi ìdọ̀tí ń wọ̀. Bí ewéko tíntìntín olóró bá gbèrú nínú òkun, tí àwọn aláṣẹ sì ní kí ẹnikẹ́ni má kó ọ́ísítà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, torí sísè kì í pa oró rẹ̀.

Kí ẹ tó sè é, bí ọ́ísítà tó ṣí sílẹ̀ kò bá pa dé nígbà tí ẹ bá fìka kàn án, ẹ dà á nù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oníkarahun, tí ètè rẹ̀ ń wú tàbí tí ara ń yún un, kó má jẹ èyí tí wọ́n sè pàápàá.